Ta Ni Ó Kù Nínú Ilé? Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Ọ̀gá Panápaná

Kò sí ẹni tó ń gbé Flatbush tí kò mọ ariwo ọkọ̀ panápaná. Bí a bá ń ra iṣu ní Church Avenue, yóò kọjá. Bí a bá wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, yóò kọjá. Àwọn ọmọ wa á sáré lọ sí ojú fèrèsé láti wo ọkọ̀ pupa ńlá náà àti àkàbà gígùn orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré kan wà tó máa ń bá wọn rìn, tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré yẹn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lónìí. Bí iná bá ràn mọ́ ilé tí a ń gbé, òun ni yóò bi wá ní ìbéèrè kan, ìdáhùn wa sì lè já sí ìyè tàbí ikú fún ọmọnìkejì wa.

ỌGÁ TÍ KÌ Í DI RỌ́BÀ OMI MÚ

Battalion Chief ni orúkọ oyè rẹ̀. Akoto funfun ni ó máa ń dé, nígbà tí akoto àwọn panápaná tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ dúdú. Ilé panápaná mélòó kan ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní àdúgbò wa níbí, Engine 255 àti Ladder 157 wà ní Rogers Avenue, Engine 281 àti Ladder 147 wà ní Cortelyou Road, Engine 248 sì wà ní Snyder Avenue. Inú ilé Snyder Avenue yìí kan náà ni Battalion 41 fi ṣe ibùjókòó.

Iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Engine ló ń fa omi wọlé. Ẹgbẹ́ Ladder ló ń já ilẹ̀kùn, tó ń wá ènìyàn nínú èéfín, tó sì ń gun òrùlé láti lu ihò sí i kí ooru lè ríbi jáde. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀, lieutenant tàbí captain, pẹ̀lú panápaná mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀gá kékeré yìí máa ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú iná ni, nítorí náà kò lè rí ju ibi tó wà lọ. Ẹni tó wà ní àjà kẹta kò mọ̀ bóyá òrùlé ti fẹ́ jìn. Ẹni tó wà lórí òrùlé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí Battalion Chief fi máa ń dúró síwájú ilé, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè ká ohun gbogbo. Bí ilé náà bá ga púpọ̀, ìsàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ló máa ń dúró sí. Ẹni tí kò mọ̀ lè wò ó kó ní, "Ọ̀gá yìí kàn dúró ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń jìyà." Rárá o. Gbogbo ohùn tó ń ti inú ilé wá lórí rédíò, etí rẹ̀ ló ń wọ̀. Òun ló ń pinnu bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ tó, tàbí kí a pe ẹgbẹ́ mìíràn sí i. Òun ló ń rí i pé ẹgbẹ́ kan dúró níta láìṣe nǹkan mìíràn, kí wọ́n lè wọlé lọ yọ panápaná tó bá há. Òun ló ń rí i pé a pe orúkọ, kí a lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó sọnù. Bó bá sì rí i pé ilé fẹ́ wó, òun ló ń pàṣẹ pé kí gbogbo wọn jáde, ì báà jẹ́ pé iná kò tíì kú. Bí iná bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, Deputy Chief tó jù ú lọ yóò dé láti gba àkóso.

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà ni ọkùnrin tàbí obìnrin alákoto funfun yìí ń ṣe. Ètò náà kò ṣàjèjì sí wa nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú. A rántí Jẹ́tírò, àna Mósè, tó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé ẹrù gbogbo ìjọ, tó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó yan olórí lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àádọ́ta àti ẹ̀wẹ̀ẹ̀wá. Olúkúlùkù mọ iye tó wà ní ọwọ́ rẹ̀, olúkúlùkù sì mọ ẹni tí yóò jíhìn fún.

BÍ A ṢE Ń DÉ IPÒ NÁÀ

Kì í ṣe owó ni a fi ń ra ipò yìí, kì í sì í ṣe oyè ìdílé. Ìdánwò ni. Panápaná yóò ṣe ìdánwò kó tó di lieutenant, yóò ṣe òmíràn kó tó di captain, òmíràn kó tó di Battalion Chief, àti òmíràn kó tó di Deputy Chief. Ọ̀pọ̀ ọdún nínú èéfín ló wà láàárín wọn.

Ó dára kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ìtàn Wesley Williams. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ọdún 1919 ni wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ panápaná ìlú New York. Engine 55 ní Manhattan ni wọ́n rán an lọ. Captain tó bá níbẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, nítorí kò fẹ́ kí a sọ pé òun ṣe ọ̀gá fún ènìyàn dúdú. Àwọn tó kù ní kí wọ́n gbé àwọn lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n a kò gbà fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Williams kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó di lieutenant ní ọdún 1927, captain ní ọdún 1934, nígbà tó sì di ọdún 1938 ó di Battalion Chief. Ní ọdún 1940 ó dá Vulcan Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn panápaná aláwọ̀ dúdú, tí ilé wọn wà ní Eastern Parkway, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn aláwọ̀ funfun tí kò fẹ́ bá irú rẹ̀ gbé abẹ́ òrùlé kan wá di ẹni tó ń wọ inú iná lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, tó sì ń retí pé kó kó wọn jáde láàyè.

OHUN TÍ OJÚ ỌGÁ Ń WÁ

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tọ́ka sí nínú ohun tí ọ̀gá panápaná ń wò: òrùlé, afẹ́fẹ́, àti ilẹ̀kùn.

Ẹ wo òrùlé ná. Gbogbo wa mọ Ocean Avenue tó ti ẹ̀gbẹ́ Prospect Park wá, tó la Flatbush já títí dé Sheepshead Bay. Ní òpin ọ̀hún, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1978, iná sọ ní ilé ìtajà Waldbaum's. Igi ni wọ́n fi gbé òrùlé rẹ̀ ró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Iná ń jẹ igi náà láàárín àjà àti òrùlé, níbi tí ojú kò tó. Lójijì òrùlé wó pẹ̀lú àwọn panápaná tó wà lórí rẹ̀. Ènìyàn 6 nínú wọn kú. Títí di òní, a ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbé òrùlé ró.

Ẹ tún wo afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1998, iná sọ ní àjà kẹwàá ilé àwọn arúgbó kan ní Vandalia Avenue, ní Brooklyn wa níbí. Ilẹ̀kùn yàrá tí iná ti sọ wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì ti iná jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni fi ẹwìrì fẹ́ ẹ. Panápaná 3 láti Ladder 170 kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Ilẹ̀kùn yìí kan náà ló ṣọṣẹ́ ní Bronx ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹ̀rọ amúlé-móoru tó ń lo iná mànàmáná ló gbiná nínú ilé alájà 19. Iná náà kò jìnnà sí yàrá tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó yẹ kó pa ara rẹ̀ dé kò padé, èéfín sì gba ibẹ̀ àti ibi àtẹ̀gùn lọ sókè. Ènìyàn 17 kú, 8 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gambia, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí àwa. Èéfín ló pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sá jáde kúrò níbi iná, tó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, ti bá ọ̀gá panápaná ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé.

ÌBÉÈRÈ TÓ KÙ SỌ́WỌ́ WA

Ohun kan wà tí ọ̀gá yìí kò lè fi ojú rí láti ìta, bó ti wù kí ìrírí rẹ̀ pọ̀ tó. Kò mọ iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé wa. Ìdí nìyí tó fi máa ń béèrè pé: "Gbogbo yín ha ti jáde? Ta ni ó kù nínú ilé? Yàrá wo ló wà?"

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan nínú wa ń gbé yàrá abẹ́ ilé, béèsímẹ́ǹtì, tí ìjọba kò mọ̀ sí. Àwọn kan gba ìbátan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé sí yàrá ẹ̀yìn, wọn kò sì sọ fún onílé. Àwọn kan kò tíì rí pépà wọn gbà, ẹ̀rù aṣọ òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń bà wọ́n. Bí a bá wá béèrè ní ojú títì lóru pé, "Ẹnikẹ́ni wà ní ìsàlẹ̀ bí?" ahọ́n lè fẹ́ sọ pé, "Rárá, sà." Ẹ̀yin ará, ìdáhùn yẹn lè pa ènìyàn. Nígbà ìjì Ida ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ènìyàn 13 ló kú ní ìlú New York, 11 nínú wọn sì jẹ́ ará yàrá abẹ́ ilé. Omi ló pa àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbi tí a kò mọ̀, nínú iná bí nínú omi, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni a ń rántí rẹ̀.

Ọ̀gá panápaná kì í béèrè pépà. Kò sì ní í béèrè iye owó ilé tí à ń san. A kò ní tàn yín pé kò sí ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ wá: iléeṣẹ́ ìlú tó ń bójú tó ilé kíkọ́ lè wá, wọ́n sì lè ní kí gbogbo ènìyàn kó jáde nínú yàrá tí kò bófin mu. Ìyẹn dun ni. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa máa ń ran àwọn tí iná lé jáde lọ́wọ́ láti rí ibi sùn, ìjọ pẹ̀lú sì wà. Ilé tí a pàdánù, a lè rí òmíràn. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà sì wà. Bí gbogbo wa bá ti jáde tí a kò sọ, tàbí tí a kò ka ara wa, ọmọ ẹlòmíràn lè máa ràkò nínú èéfín láti wá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òun náà ní ìyá tó bí i.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE LÓNÌÍ

A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Kí a tó sùn lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ yan ibì kan níta tí gbogbo ìdílé yóò ti pàdé bí iná bá sọ, kí ẹnì kan sì jẹ́ olùka-orí.

2. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé yàrá yín. Ìwé kan yẹ kó wà níbẹ̀ tó ń sọ bóyá ilé yín jẹ́ irú èyí tí iná kì í tètè là kọjá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí iná kò sì sí nínú yàrá tiyín, ó sábà sàn kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ dúró sínú, kí ẹ sì pe 911. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde. Ẹ má ṣe wọ ẹlifétọ̀.

3. Ẹ dán ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbọ́ èéfín wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ọmọ 7 nínú ìdílé kan kú ní Midwood, ìtòsí wa níbí. Béèsímẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà.

4. Ẹ kọ́ gbogbo ọmọ, àti màmá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ní nọ́ńbà ilé, orúkọ títì, àti àjà tí ẹ ń gbé, kí wọ́n lè sọ ọ́ fún 911. Bí èdè Òyìnbó bá nira fún màmá, wọ́n lè fi ògbufọ̀ sí i lórí fóònù.

5. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé alákoto funfun ni kí wọ́n wá lọ bá. Kí wọ́n sọ ọ́ ṣókí: "Ènìyàn kan kù, àjà kejì, yàrá ẹ̀yìn."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ

Kí nìdí tí ọ̀gá fi ń dúró síta nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé? Ilẹ̀kùn wo nínú ilé wa ni kì í padé dáadáa, ta ni yóò sì sọ fún onílé? Bí alákoto funfun bá béèrè lóru òní pé ta ni ó kù nínú ilé, ta ni nínú wa ló lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀?