Ta ló ń pàṣẹ fún server wa?

Ìbéèrè: Webmin 1.890 ni ilé-ìwé wa ní Àpòmù fi ń bójú tó server. Wọ́n ní olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ má fi ṣeré. Lóṣù kẹrin ọdún 2018, ẹnìkan já wọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe Webmin, ó ki àṣẹ ìkọ̀kọ̀ bọ fáìlì password_change.cgi. Ẹni tí kò mọ páswọ́ọ̀dù kankan lè máa pàṣẹ bí ọ̀gá pátápátá. Ọdún 2019 ni àṣírí tó tú!

Ẹ gbé ẹ̀dà tuntun sí i lónìí, láti 1.930 ni wọ́n ti yọ àṣẹ ìkọ̀kọ̀ náà. Ẹ ti pọ́ọ̀tù 10000 tí Webmin ń lò mọ́ ará ìta. Tó bá ti ṣí síta tẹ́lẹ̀, ẹ tún server náà tò látìbẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà yín lè máa fi VPN wọlé láti ibi tó bá wà.