Ẹni Tó Ti Túúbá, Tó Fẹ́ Yọ Tátúù Aláwọ̀ Kúrò Lára



Ìbéèrè kan ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹnì kan ti fín tátúù sára nígbà kan, ó ti túúbá, ó sì fẹ́ kí ó kúrò kíákíá. Dípò kó lọ rí dókítà, ọjà Tẹ̀júoṣó ló ń gbà lọ, láti ra ìpara tàbí omi inú ìgò kékeré tí wọ́n ní ó ń pa tátúù rẹ́. A ti rí awọ tó bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí á kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò. Òótọ́ ni pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi fún ẹni tó ń fín ara àti ẹni tó ní kí wọ́n fín òun. Hádíìsì náà wà nínú Bukhari àti Muslim. Ṣùgbọ́n abẹ́ awọ ni íǹkì wà. Kò dà bíi kútẹ́ẹ̀sì tó ń dí omi lọ́nà, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní sọ pé àlùwàlá onítọ̀hún dára. Imam an-Nawawi pàápàá ṣàlàyé pé bí yíyọ rẹ̀ yóò bá ba ẹ̀yà ara jẹ́, kì í ṣe dandan mọ́, títúúbá tó. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú sun yín sínú iná ayé.

Abẹ́rẹ́ tátúù ń wọlé tó mìlímítà 1 sí 2, ó kọjá awọ òkè tó ń re dànù. Sẹ́ẹ̀lì ara á gbé íǹkì náà mì, á sì jókòó síbẹ̀. Tàdáà ojú wàláà ni omi ń fọ̀ dànù. Làálì náà ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpara bíbóra tó ní mẹ́kúrì, tó lè ba kíndìnrín jẹ́, á kàn sọ awọ àyíká di pupa ni, tátúù á wá hàn kedere sí i. Omi inú ìgò yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ásíìdì. Bó bá jinlẹ̀ débi íǹkì, ó ti jó ara nìyẹn, àpá tó wú sókè ló sì sábà máa ń fi sílẹ̀ lára àwa adúláwọ̀.

Ẹ̀rọ laser ló ń ṣiṣẹ́ gidi. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ íǹkì sí wẹ́wẹ́, ara á sì máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Íǹkì dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ nánómítà 1064, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ awọ dúdú lẹ́nu. Pupa nílò 532. Àwọ̀ ewé àti búlúù nílò 694 tàbí 755. Ibí yìí ni wàhálà wà: mẹ́lánínì, ohun tó mú ara wa dúdú, ń gba àwọn ìmọ́lẹ̀ yìí náà. Ẹ̀rọ kò mọ íǹkì yàtọ̀ sí àwọ̀ tí Ọlọ́hun fi dá wa. Ojú ibẹ̀ lè jó, ó sì lè funfun. Àwọ̀ ìyeyè àti funfun ló ń ṣagídí jù. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ fín irun òkè ojú, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: íǹkì búráùn yẹn sábà máa ń ní èròjà irin bíi ti ìpẹtà, laser sì lè sọ ọ́ di dúdú kirikiri lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, dókítà awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, bíi ti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ sọ gbogbo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ bí àpá yín bá máa ń wú. Ẹ ní kó dán an wò lójú kékeré kan ná. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan: ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láàárín wọn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti fín in, ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C.

Ẹni tí ásíìdì ti bá lára ńkọ́? Kó da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20, láìfi epo tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.