Ohun tó kó ará oko wá s'Òṣogbo: ẹ̀kọ́ ńlá fún oníṣòwò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà l'Ọjà Ọba Òṣogbo lónìí, abúlé ni baba wọn àgbà ti wá. Kí ló gbé wọn kúrò nídìí ọkọ́ àti àdá? Bí ẹ bá bi èèyàn, wọ́n á ní iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni. Ìtàn Òṣogbo kò sọ bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, ẹni tó jọba láti 1837 sí 1901, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí lóòótọ́. Àwọn olówó ti sọgbà yí ilẹ̀ tí ará abúlé jọ ń lò ká, ẹ̀rọ sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń rànwú, tó ń hunṣọ nílé. Ẹni tí kò nílẹ̀ mọ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ síbi tí ilé iṣẹ́ aṣọ wà, bíi Manchester. Nígbà ìkànìyàn 1851, èèyàn ibẹ̀ ti lé ní 300,000.

Tiwa yàtọ̀. Ilẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Òṣogbo. Ẹrù ló dá a lágara. Orí ni wọ́n fi ń ru èkùrọ́, owó alárù sì ń jẹ èrè tán. Ní 1907, ọkọ̀ ojú irin tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 wọ Òṣogbo. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra èkùrọ́ àti kòkó tẹ̀ lé e. Wọ́n á wọn ẹrù, wọ́n á sanwó, ẹni tó tajà á sì fi owó náà ra iyọ̀ àti aṣọ kó tó padà sílé. Owó orí tún wà níbẹ̀: owó nìjọba ń gbà, kì í gbà iṣu. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ ṣe wá di alárù, télọ̀ àti oníṣòwò, tí àwọn obìnrin ń ta oúnjẹ.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Iléṣà, síbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jèrè rẹ̀. Wọ́n ń gba aṣọ l'Òṣogbo, wọ́n ń tà á láwìn kiri abúlé. Bọ́jọ́ owó bá pé, oníṣọ́ọ̀ṣọ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi san án. Ibẹ̀ lorúkọ òṣómàáló ti wá.

Ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ọdún 1933 ni ilé iṣẹ́ sìgá tó bẹ̀rẹ̀ l'Òṣogbo, ọdún 26 lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó di 1937, èyí tó tóbi jù ú lọ ti dé Ìbàdàn. Èèyàn kò torí ìyẹn tú kúrò l'Òṣogbo. Ìkànìyàn 1952 bá iye tó lé ní 120,000 níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Kẹ́ ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù nílùú kan, ẹ má kàn wo bó ṣe tóbi tó. Ẹ bèèrè ẹni tó ń kó ẹrù wá síbẹ̀, iye tó ń ná an láti gbé e dé, àti ohun tó máa rà kó tó padà. Ẹ sì máa ṣọ́ ọ̀nà tí ẹrù ń gbà, torí ó lè yí padà: nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè, ọjà tẹ̀ lé títì. Ẹni tó jókòó ti ibùdókọ̀ ojú irin nìkan, owó kọjá lára rẹ̀.