Ohun Tí Ojú Rí Lọwọ́ Ń Mú

Ìpolówó ni àgúnmu òwò. Ẹlẹ́kọ a máa kiri, oníbúrẹ́dì a máa ké, ṣùgbọ́n súìtì inú ṣọ́ọ̀bù kò lẹ́nu. Ibi tí a bá gbé e sí ló ń bá a polówó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, ta ló ń ti ilé bọ̀ nítorí TomTom kan ṣoṣo? Ọṣẹ, búrẹ́dì tàbí káàdì fóònù ló ń gbé oníbàárà wá. Ìgbà tó bá ń dúró gba ṣéńjì ni ojú rẹ̀ máa ń rìn kiri. Nítorí náà, orí kántà tí ẹ ti ń gbowó ni ààyè súìtì àti ṣìǹgọ́ọ̀mù. Ẹ kó wọn sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ dé e pa kí eèrà má baà wọ̀ ọ́. Ẹ to kókóró, chin-chin àti dòdò Ìkirè síwájú, kí ẹ sì kọ iye owó wọn síta, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tijú àtibéèrè.

Bísíkíìtì lè wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ọmọ ilé ìwé tó. Ṣùgbọ́n a kì í rẹ́ ọmọdé jẹ. Bó bá mú 1,000 náírà wá ra súìtì, ẹ bi í pé, "Ṣé màmá rẹ mọ̀ sí owó yìí?" Ẹ má sì ta súìtì líle fún ọmọ kékeré, ó lè há a lọ́fun.

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ń so ọjà kọ́ sí. Ìyẹn dára fún ọṣẹ, kò dára fún ṣokoléètì. Ooru tó bá ti tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò yọ́ ọ, ṣọ́ọ̀bù onípáànù sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta. Bó bá tún dì padà, ara rẹ̀ á funfun bí ohun tó bu. Kò tíì bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Ẹ rà á níwọ̀nba, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kò dé.

Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí ìlò ọjà dópin kí ẹ tó rà á. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń sún mọ́lé ni kí ó wà níwájú, kí tuntun wà lẹ́yìn. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ dà á nù. Ẹ má fi ṣe èènì.

Bí kò bá sí ṣéńjì, ẹ má ti súìtì mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n fi súìtì dí i?" Ẹni tí a bẹ̀ á gbà á; ẹni tí a fipá mú á bá ibòmíràn lọ.

Lọ́la, kí ẹ tó tajà àkọ́kọ́, ẹ jáde síta, kí ẹ dúró níbi tí oníbàárà ń dúró sí, kí ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín. Ohun tí ẹ kò bá rí láti ibẹ̀, ẹ tún un tò kí ọjọ́ tó pọ́n.