Ẹ Má Fi "Lókà" Pa Ìgbómìnà

Ẹ̀yin òbí Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tó ń ba ilé yín jẹ́. Ọmọ fi èdè Ìgbómìnà kí ìyá àgbà, ẹ ní ó ti lókà jù. Ó dé ilé ìwé, wọ́n ní "vernacular" ló ń sọ, wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti Èkó wá ṣọdún ní búṣì ni. Ẹlòmíràn ní ará oko. Orúkọ mẹ́rin, èébú kan.

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Láti inú èdè Látìn ni "lókà" ti wá. Kò ju "ti ibì kan" lọ. Ta ni kò ní ibì kan? Búṣì ò ju igbó lọ. Oko ló bọ́ àwọn baba yín, òun náà ló san owó ilé ìwé yín. "Vernacular" ló burú jù. Verna ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹrú tí wọ́n bí sílé olówó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Èdè Ọ̀ràngún lẹ wá ń pè ní èdè ẹrú!

Ẹ má sọ pé ikú èdè yìí jìnnà. Àwọn ìyá àgbà ń sọ Ìgbómìnà. Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yín ń fi í ṣẹ̀sín. Kí ló kù? Ọmọ tí kò gbọ́ ọ kò ní gbọ́ oríkì agbo ilé rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ oríkì, ariwo lásán ni ìlù ààfin yóò jẹ́ létí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìlá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí John Pemberton, òyìnbó Amẹ́ríkà, àti Funso Afolayan kọ lọ́dún 1996 ni yóò máa wá kiri.

Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ọmọ dépò. Ta ló ní kí wọ́n má kọ́ ọ? Láti ọdún 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ẹ má sì dúró de Àbújá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ìjọba kò ní wá bá yín sọ Ìgbómìnà nínú ilé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Kí ọmọ yín má gbọ́ "lókà" lẹ́nu yín mọ́. Bí ilé ìwé bá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èdè, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Bí ẹ bá dákẹ́, tí èdè yìí sì kú, ẹ má di ẹ̀bi ru òyìnbó. Ẹ̀yin lẹ pa á.