Jínótáìpù kì í yí padà, èsì àyẹ̀wò ń gbó

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi kan jókòó tì mí níwájú ilé wa ní Ìlobù, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa." Ohun tó kọ nípa ara rẹ̀ sórí áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́ nìyí: ọmọ ọdún 27, AA, mi ò mu sìgá, ara mi mọ́. Ó ní òun ò wá ìyàwó báyìí, òun kàn fẹ́ ẹni tí àwọn á jọ máa ṣeré.

AA yẹn ò yà mí lẹ́nu. Nílẹ̀ wa, kí ìfẹ́ tó wọra tán la ti ń bi ara wa ní jínótáìpù, kò sì sẹ́ni tó ń tijú rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló dá mi dúró. Mo ní, "Ìgbà wo lo ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn?" Ó ní nígbà tí òun ń ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n yẹ òun wò fún HIV, kò sí. "Ṣé o ò ti bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ látìgbà náà?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, ohun méjì tí kò jọra ló tò sójú kan. Jínótáìpù, inú oyún la ti gbé e wá. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Èsì àrùn ìbálòpọ̀ dà bíi fọ́tò: bí ara ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á nìkan ló ń sọ. Fọ́tò ti HIV tún máa ń pẹ́ kó tó mú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kíákíá, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara ń kó jáde láti bá a jà ni wọ́n ń wá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba oṣù mẹ́ta, kí àwọn ọmọ ogun yìí tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò á rí wọn. Ní gbogbo àsìkò yẹn èsì lè máa sọ pé kò sí, kí kòkòrò sì ti pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀.

Àti pé, kí ni ara rẹ mọ́ kúrò nínú rẹ̀? Àtọ̀sí lè wà lára obìnrin kó má mọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò. (Ó gbà kí n sọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ òun.) HIV, kò sí. Sífílísì, kò sí. Hẹpatáítìsì B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó wà. Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló kó o ràn mí?"

Ó ṣeé ṣe kó má sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò yìí bá jókòó sí lára ló ti kó o ní kékeré, lọ́dọ̀ ìyá nígbà ìbí tàbí láàárín àwọn ọmọdé bíi tiwọn. Ìwádìí NAIIS tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 64. HIV, 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 49 ni. Síbẹ̀ HIV nìkan la ń bẹ̀rù.

Ó wá fẹ́ kọ "HIV: kò sí" kó fi èyí tó kù sílẹ̀. Mo ní rárá, irọ́ ni ìyẹn náà. "Ṣé kí n kúkú kọ hẹpatáítìsì síbẹ̀?" Mo tún ní rárá. Ní 2018, ó hàn síta pé Grindr, áàpù kan tó ní àyè tí èèyàn lè kọ èsì HIV rẹ̀ sí, ń fi ìsọfúnni yẹn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ méjì mìíràn. Tiwa níbí tún yá jùyẹn lọ: kí o tó tan fóònù rẹ pa, ẹnì kan ti ya fọ́tò ojú ìwé rẹ, ó ti dé Ìfọ́n. Òfin ọdún 2014 ka yíyà ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀ léèwọ̀, àmọ́ òfin ò lè pa ẹnu aládùúgbò dé.

Ohun tó kọ nígbẹ̀yìn ni: "Mo ṣe àyẹ̀wò ní oṣù yìí. Ká fi èsì han ara wa kí nǹkan tó le." Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ìyókù wà fún, kí ẹ tó dé orí bẹ́ẹ̀dì: orúkọ àrùn, ọjọ́ àyẹ̀wò, ìtọ́jú tí ò ń gbà, ohun tó lè dáàbò bo òun. Ẹni tó ní HIV, tó ń lo oògùn déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹni tó bá lò pọ̀. Ìwádìí PARTNER, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019, ò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára olólùfẹ́ tó wà nírú ipò yìí. Ní tèmi, ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju "ara mi mọ́" lọ.

Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn. Ó pè é, ó sọ gbogbo rẹ̀, ìyẹn bi í ní ìbéèrè méjì, ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀: kò sí. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ìkejì di oṣù kan sí i, ìkẹta di oṣù kẹfà. Àbúrò mi ti ń rí dókítà nípa ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì ríra lójúkojú o.