Ràṣẹ́ẹ̀tì Kékeré Ọlọ́wọ́ T: Èwo Ló Máa Tọ́jọ́?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ràṣẹ́ẹ̀tì kékeré ọlọ́wọ́ T tí n ó máa lò ní ṣọ́ọ̀bù àti fún kẹ̀kẹ́ ológeere mi. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má wo dídán rẹ̀, eyín inú rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ràṣẹ́ẹ̀tì eléyín 72 ń mú ní gbogbo dígírì 5 tí ẹ bá yí i. Eléyín 24 ń fẹ́ dígírì 15. Lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, níbi tí ọwọ́ kì í ti í ráyè, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń tín-ín-rín tó, nítorí náà irin gidi ló gbọ́dọ̀ jẹ́, irú chrome vanadium. Ẹ yí i wò níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà.

Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo fẹ́ràn jù lọ: ẹ fi sí àárín láti yí i kíákíá, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá nílò agbára. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣeé tú, ẹ ó lè fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ẹnu onígun mẹ́fà 4, 5 àti 6 mm pẹ̀lú ẹnu oníràwọ̀ T25 yóò ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ òde òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi tú pẹ́dààlì. Sípánà gígùn, 15 mm, ni tirẹ̀, ọ̀tún sì ni a ń yí ti apá òsì sí láti tú u.